Ìwé Òjò Tíṣà Oyèlékè

Ní ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Dámisí Oyèlékè, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ eré, wà nídìí tábìlì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan nílùú Ọ̀yọ́, ó ń kọ ọ̀nà tí akọni kan yóò gbà gba ìlú là.

Dókítà Àdìgún ni orúkọ akọni náà. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó máa ń wọ kóòtù funfun, kì í sùn, kì í sì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Bí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ nínú eré náà, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, Àdìgún nìkan yóò ti rí oògùn rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn ọmọdé a máa gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun bàbá wọn wọ̀, wọ́n á ní àwọn ni Àdìgún.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹrẹ̀ ti ta sí i títí dé orúnkún. Apá kan awò ojú rẹ̀ ti kán, ó fi òwú dúdú so ó pọ̀. Ó rẹ gbingbin, ṣùgbọ́n ó di ìwé ńlá kan tí a fi ọ̀rá wé mọ́ àyà lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Dámisí rò pé ó wá polongo ewúrẹ́ tó sọnù ni.

Ọkùnrin náà béèrè rẹ̀ lórúkọ. Ó ní Ọláníyì ni òun ń jẹ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun ti wá. Ó ní ara bàbá Dámisí kò fi bẹ́ẹ̀ yá, kó jọ̀wọ́ kó jẹ́ kí àwọn jọ máa lọ sí Ìrẹsà, níbi tí bàbá náà ń gbé.

Bẹ́ẹ̀ la ti ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa. A kì í fi ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọ ẹni lójú. A ó ní ara bàbá kò yá, a ó rọra mú ọmọ dé ẹnu ọ̀nà ilé, títí yóò fi gbọ́ ẹkún àwọn tó ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Dámisí mọ àṣà náà. Ó wo ọkùnrin náà lójú.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá mi ṣì wà láyé?"

Ọláníyì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì tó tutù nù ún, awò náà kò gbẹ.

"Rárá," ó wí. "Wọ́n ti lọ. Ẹ má bínú. N kò mọ irọ́ í pa fún ẹni tó bá wò mí báyìí."

Gbogbo yàrá náà bínú sí i. Ọ̀gá Kọ́láwọlé, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka eré, bi í pé irú ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a máa ń túfọ̀ bẹ́ẹ̀. Dámisí nìkan ni kò bá a wí. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ọkùnrin náà sì tú ọ̀rá, ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó kẹ́yìn. Déètì ọjọ́ náà wà níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, mílímítà mẹ́rìnlá àti díẹ̀ wà níbẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Yíǹkì náà kò gbọ̀n.

"Wọ́n kọ ọ́ tán kí wọ́n tó jókòó," ni Ọláníyì wí. "Níbi tí wọ́n jókòó sí ni mo ti bá wọn."

Nígbà náà ni Dámisí tó sunkún.

Timothy ni orúkọ ìrìbọmi bàbá náà, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo Ìrẹsà ń pè é. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé òṣùwọ̀n òjò kan wá sí ilé ìwé tó ti ń kọ́ni: agolo irin gígùn tó ní àrọ lórí, pẹ̀lú ìgò nínú rẹ̀ tí omi òjò ń kán sí. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọ́n fi wáyà ṣọgbà yí i ká, wọ́n ní kó máa wọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀ ojoojúmọ́ ní aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ náà kò wá gba ìwé mọ́. Tíṣà kò dáwọ́ dúró. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò dáwọ́ dúró. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, títí Ọláníyì, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì nígbà náà kó tó di olùkọ́, fi gun alùpùpù wọ Ìrẹsà, tó béèrè bóyá ẹnìkan rántí bí òjò ti ń rọ̀ láyé àtijọ́. Tíṣà wọ yàrá lọ, ó gbé ìwé mẹ́jọ jáde.

Deborah ìyàwó Tíṣà kò fẹ́ràn ìgò náà. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ọ̀yọ́ ló ń gbé, nínú ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni Tíṣà máa ń dé bá a, ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè ni yóò sì padà, kí aago mẹ́sàn-án má bàa bá a lójú ọ̀nà. Bí àwọn obìnrin ìjọ bá bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, a ní ó wà lọ́dọ̀ ìyáálé òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n sin Tíṣà, Dámisí lọ sí Ìrẹsà láti kó ẹrù bàbá rẹ̀. Bó ti ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, ó rí Ọláníyì nínú ọgbà wáyà, ó lóṣòó, ó gbé ìgò sókè sí ojú ara rẹ̀. Ó bi í pé ta ló ní kó máa ṣe é.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ìwé yìí kò ní àlàfo kan láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni n óò bẹ̀rẹ̀ àlàfo."

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń wá lójoojúmọ́. Ó wá ní ọjọ́ kejì ikú, ó wá ní ọjọ́ ìsìnkú pàápàá. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ kẹjọ náà. Dámisí rí i tó gbé kálámù, tó kọ nǹkan, ó ní kí ló tún ń kọ nígbà tí ìgò gbẹ táútáú.

"Òdo ni mo kọ. Bàbá yín ló kọ́ mi. Wọ́n ní, 'Òdo náà, kọ ọ́ sílẹ̀. Tí o bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀, tàbí ènìyàn ni kò wá.'"

Lẹ́yìnwá ọ̀la, bí ẹnikẹ́ni bá bi Dámisí pé ọjọ́ wo ni ìfẹ́ wọ̀ ọ́, òdo yẹn ló máa ń dárúkọ.

Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ọláníyì mú ọjọ́ mẹ́fà, Dámisí mú ọjọ́ Sátidé. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni yóò wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọláníyì yóò sì ti dúró dè é pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀, yóò gbé e dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ìrẹsà, yóò padà. Láàárọ̀, yóò tún dé, yóò ní òun kàn ní kí òun wò ó bóyá ó kà á dáadáa ni. Ó kọ́ ọ pé kó bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti omi dọ́gba, torí ẹni tó bá nàró wo omi, irọ́ ni omi yóò pa fún un.

"Dókítà Àdìgún tìẹ," ó wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń jẹ iṣu sísun lẹ́yìnkùlé, "ṣé kì í jẹun ni? N kò gbọ́ ọ rí kó béèrè ẹ̀bà."

"Akọni kì í jẹun lórí rédíò, ẹ̀gbọ́n. Ẹnu tó ń jẹun kò dùn ún gbọ́."

"Ó láyà nílé?"

"Ta ni yóò fẹ́ ẹni tí kì í sùn?"

"Èmi ń sùn o," ni Ọláníyì wí, ó sì yára gbójú sí iṣu rẹ̀.

Dámisí rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ.

Ohun tí Ọláníyì rí nínú ìwé òjò náà kò ju gbólóhùn méjì lọ, ọdún mẹ́ta ló sì fi wá a. Òjò àkọ́rọ̀ ní agbègbè náà máa ń tan ni. Ní ọdún púpọ̀ nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ọ̀dá a máa dá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí òjò tó wá jókòó. Ẹni tó bá ní sùúrù ni àgbàdo rẹ̀ ń là. Ó sọ ọ́ fún Dámisí, ó fi ojú ewé hàn án, ọdún kan tẹ̀lé òmíràn.

Dámisí gbé gbogbo rẹ̀ sínú eré. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ọ̀fọ̀ náà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọdún yí, Dókítà Àdìgún kò wọ kóòtù funfun mọ́. Ó ń gun alùpùpù, ó ní awò ojú tí a fi òwú dúdú so, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ òjò. Dámisí kọ tíṣà arúgbó kan sí i tó ń ka omi inú ìgò. Ọ̀gá Kọ́láwọlé fi báírò pupa fa ìlà gba ara tíṣà náà kọjá. Ó ní eré kan kò gba akọni méjì, ta ló sì fẹ́ jókòó gbọ́ arúgbó tó ń wo ìgò. Dámisí rò ó. Ó jẹ́ kí ó lọ.

Ní àkókò yẹn náà ni Ọláníyì mú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ bá Deborah, tí Dámisí ń pè ní Màámi. Ó dọ̀bálẹ̀, Màámi ní kó dìde. Ó bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, bí aago mẹ́sàn-án bá lù, níbo ni yóò wà? Ọláníyì kò lè parọ́. Ó ní bí kò bá sí ẹlòmíràn, òun yóò wà nídìí ìgò.

"Mo dúpẹ́ pé o sọ òtítọ́," ni Màámi wí. "Ọmọ mi kò ní ṣe ìyàwó kejì fún ìgò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ṣe é tó."

Dámisí kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó ní òun yóò dúró títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá rẹ̀ ní kó máa dúró nígbà náà.

Ní ìparí oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ ńlá rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, apá eré kan wà tó ní láti parí pẹ̀lú ìdùnnú. Dámisí kọ ọ́ kíákíá, ọwọ́ rẹ̀ dí, ó sì rẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ inú eré pé jọ, wọ́n bẹ Dókítà Àdìgún pé kó la ọ̀nà. Àdìgún gbójú sókè. Ààrá sán. Ó ní, "Ẹ gbin àgbàdo yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òjò yìí kò ní dá." Orin dìde, eré parí. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìdí tí kò fi kọ òtítọ́ tí Ọláníyì fi hàn án ni pé òtítọ́ náà kò ní ààrá nínú. "Ẹ dúró ná" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi ń parí eré.

Ní Ìrẹsà, àwọn àgbẹ̀ gbọ́. Wọ́n mọ ẹni tó ń gun alùpùpù pẹ̀lú awò ojú tí a fi òwú so. Wọ́n sì mọ ẹni tó ń kọ eré náà, àti pé òun ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Tíṣà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdajì ìlú gbin àgbàdo. Gàfárù, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Tíṣà, gbin éékà mẹ́ta. Òjò kò rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Àgbàdo hù, ó yọ ewé méjì, ó sì gbẹ.

Wọn kò pariwo lé Ọláníyì lórí. Ó sàn kí wọ́n ti pariwo. Wọ́n kàn ń kí i láàárọ̀ pé, "Dókítà, ẹ jẹ́ kó rọ̀ báyìí," wọ́n á sì kọjá lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ọláníyì dúró de Dámisí lẹ́nu ọgbà wáyà. Kò jókòó.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá rẹ fi bẹ̀rẹ̀ nídìí ìgò yìí," ó wí jẹ́jẹ́. "O gbé gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ọkùnrin kan ṣoṣo, o sì ní kó parọ́."

"Eré ni, Níyì."

"Mo mọ̀. Àgbàdo Bàbá Gàfárù kò mọ̀."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Dámisí wọ ọgbà náà nìkan, ó wọn òdo, ó kọ òdo.

Ó ronú ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ó ronú nípa àwọn akọni tí òun ti ń kọ láti ọdún mẹ́rin, bí gbogbo wọn ti ń dá rìn, bí wọ́n ti ń fi òru kan wá ohun tí ẹlòmíràn fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá, bí kò ti sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ rí pé òun ṣì í. Ó rí i pé kì í ṣe ọkùnrin tó fẹ́ nìkan ni òun ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ gan-an ni òun pa rẹ́ nínú ìtàn, pẹ̀lú ọwọ́ ara òun, nítorí báírò pupa kan. Ó pinnu pé bí òun yóò bá pàdánù iṣẹ́, bí òun yóò bá pàdánù Ọláníyì, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní wà bẹ́ẹ̀.

Ó lọ sí Ìrẹsà ní ọjọ́ Ẹtì, ó dúró kí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ó sì lọ bá àwọn àgbẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé Gàfárù. Ó kúnlẹ̀. Ó ní Ọláníyì kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, òdìkejì rẹ̀ ló sọ. Òun ni òun kọ ọ́, kí eré lè dùn.

Gàfárù ló dá a lóhùn.

"Ọmọ Tíṣà, a kì í ṣe òmùgọ̀. A mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò parọ́ òjò fún wa rí. A rò pé ọmọ rẹ̀ náà kò lè fi òjò ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó ní àgbàdo irúgbìn bàbá òun tó wà ní síso lókè ààrò, òun ti kó o wá. Kò lè tó gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà kan ní òun náà ní díẹ̀. Òmíràn ní òun ní. Gàfárù ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kó dìde lórí eékún kí aṣọ rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Ó wá bi í pé ìgbà wo ni kí wọ́n tún gbìn.

"N kò mọ̀, bàbá," ni Dámisí wí. "Ẹ jẹ́ ká bi ìwé."

Ó lọ gbé ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jáde nílé bàbá rẹ̀. Ó ń ka oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ọdọọdún, àwọn àgbẹ̀ sì ń rántí: ọdún tí ẹ̀wà jóná, ọdún tí Gàfárù fẹ́ ìyàwó kejì tí òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àlejò lọ. Létí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àyè kékeré kan wà fún àkíyèsí, tí Tíṣà máa ń kọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tàbí kùrukùru sí. Dámisí ń ka òun náà sókè. Ó dé ọjọ́ kan, ó dákẹ́.

"Kí ló kọ síbẹ̀?" Gàfárù béèrè.

Dámisí kà á. "Òdo. Ìyàwó mi wá."

Ó ṣí ìwé síwájú. Ó tún wà níbẹ̀, ní oṣù kẹjọ. Ó tún wà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ọjọ́ tí Deborah fi ẹsẹ̀ tẹ Ìrẹsà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òjò. Gàfárù yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní eruku ti pọ̀ jù lábẹ́ igi yìí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ka ìgò tán, Dámisí kọ ọ́ sí àyè àkíyèsí pé: "Òdo. Mo lọ bá àwọn àgbẹ̀. Mo jẹ́wọ́." Ó pa ìwé dé, ó padà sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀gá Kọ́láwọlé ka ohun tó kọ fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ó sì fi í lélẹ̀ bí ẹni fi oúnjẹ tó ti kan lélẹ̀.

"Dámisí, ta ló fẹ́ gbọ́ akọni tó ní òun kò mọ̀?"

"Àwọn tó gbin àgbàdo, sà."

Ó ní àwọn tó ń polówó ọjà nínú eré náà yóò sá. Dámisí kò jiyàn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìgbohùnsílẹ̀ lé tábìlì, ó ní bí wọn kò bá lè gbé e jáde bó ti wà, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ Àdìgún. Ọ̀gá Kọ́láwọlé wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ti mọ Tíṣà. Ó ti jẹun nílé rẹ̀ rí. Ó tún ìwé náà gbé, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó rọra kà á. Nígbà tó parí, ó ti kọ́kọ́rọ́ padà sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, Dókítà Àdìgún padà sí abúlé tí àgbàdo ti gbẹ. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ni kí wọ́n gbìn. Ààrá kò sán. Ó ní, "Mo ṣì yín lọ́nà. N kò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ bi Tíṣà." A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lójú ọ̀nà, a gbọ́ ilẹ̀kùn, a gbọ́ arúgbó kan tó ń ṣí ìwé, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn, títí eré fi parí. Fóònù ilé iṣẹ́ rédíò kò sinmi. Ọkùnrin kan bínú pé wọ́n ti ba Àdìgún jẹ́. Obìnrin kan pè láti Ọjà Igbó, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ọ̀mọ̀wé pé ó ṣì í. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí arúgbó náà tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí Dámisí ṣí ìwé òjò, ó bá ọwọ́ ìkọ̀wé Ọláníyì lábẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi: "Òdo. Mo kà á." Ọjọ́rú: "Mílímítà mẹ́ta. Bàbá Gàfárù kí mi dáadáa." Ọjọ́ Ẹtì: "Mílímítà méjìlá. Mo gbọ́ eré. Mo ń bọ̀ lọ́la."

Kò tíì ka èyí tó kẹ́yìn tán tó gbọ́ alùpùpù. Ọláníyì dúró lẹ́yìn wáyà. Ó ti fi òwú tuntun so awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi náà wà níbẹ̀," ó wí. "Mo gbọ́ eré yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Ó yẹ kí n wá sọ fún wọn kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó pé. Mo ní eré ni, mo jókòó ti ìwé ìdánwò tí mò ń máàkì."

"Ṣé Dókítà Àdìgún ló ń sọ̀rọ̀?"

"Àdìgún kò mọ̀ bí a ti ń bẹ ìyàwó ẹni. Èmi ni." Ó gbá wáyà mú. "Dámisí, ọjọ́ Sátidé nìkan kò tó mi mọ́."

Dámisí ṣí ilẹ̀kùn ọgbà fún un. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè dì mọ́ ọn kí omi má bàa dànù. Ó ní kó dúró kí òun kà á ná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, ojú wọn àti omi dọ́gba. Mílímítà méje ni. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ìgò kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn méjèèjì gbé ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ bá Màámi ní Ọ̀yọ́. Wọn kò bẹ̀ ẹ́, wọn kò rojọ́. Dámisí kàn ṣí ibi tó ti sàmì sí, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Màámi wá awò ojú rẹ̀. Kò ṣí ìwé náà rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó kà láti ìgbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán títí oòrùn fi rọ̀, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà. Lẹ́ẹ̀kan ó ní, "Ọjọ́ tí mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ rèé." Lẹ́ẹ̀kan ó ní, "A jà lọ́jọ́ yìí. Ó sì tún kọ ọ́."

Nígbà tó pa èyí tó kẹ́yìn dé, ó bọ́ awò ojú.

"Gbogbo ọjọ́ yìí," ó wí, "ìyáálé mi ló ń bá mi pa ọ̀rọ̀ mi mọ́."

Ó pe Ọláníyì kó wá jókòó sún mọ́ òun. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti máa ṣe ìgbéyàwó náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Ìrẹsà ni.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejìlá ni wọ́n mú. Ọyẹ́ ti dé, ewé máńgòrò funfun fún eruku. Àgbàdo tí wọ́n tún gbìn ti wọ àká tipẹ́. Gàfárù ti sọ pé òun ni òun yóò pèsè ẹ̀kọ àti ẹran, ó sì ti wà nídìí ìkòkò láti ìdájí. Wọ́n ń di irun Dámisí nínú yàrá bàbá rẹ̀. Ọláníyì àti àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà lọ́nà láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó rò pé Gàfárù yóò ka ìgò, Gàfárù sì rò pé Dámisí ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí aago lù nígbà tí Dámisí rántí. Ó fẹ́ dìde, ẹni tó ń di irun rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ padà sórí àpótí.

Màámi ti wé gèlè rẹ̀ tán. Ó wo aago, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó gbé ìwé àti kálámù lórí tábìlì, ó gba ẹ̀yìn jáde.

Láti ojú fèrèsé, Dámisí rí ìyá rẹ̀ tó ṣí ọgbà wáyà tí kò wọ̀ rí. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ àárín orúnkún, ó fi ọwọ́ kan di gèlè mú. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ àti ìgò fi dọ́gba. Ó wò ó pẹ́, bí ó ti máa ń wo ọmọ tuntun láyé ọjọ́un. Lẹ́yìn náà ó dá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi ìwé lé orúnkún, ó kọ ọ́.

Ó padà wọlé. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ ní ṣíṣí kí yíǹkì lè gbẹ, ó sì gba òòyà lọ́wọ́ ẹni tó ń di irun. Dámisí wò ó láti ibi tó jókòó sí. Déètì wà níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án wà níbẹ̀. Ní ọwọ́ ìkọ̀wé agbẹ̀bí, tó rí kótókótó:

"Òdo. Ìyàwó rẹ wá."